"A ti dán an wò": orí eegun wo? Àlàyé lórí irin àtọwọ́dá fún àtúnṣe èjìká

Tí káfíńtà bá yọ ìṣó kúrò lára pákó, tó sì fẹ́ kan òmíràn síbẹ̀, kì í gbọ́kàn lé ihò àtijọ́ yẹn. Ihò náà ti fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ya, ìṣó tí ì bá di pákó tuntun mú gírígírí yóò kàn máa mì nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀bi ìṣó kọ́, pákó ló ti bàjẹ́. Ohun tó ń kojú àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun nìyẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún èjìká tó ti ní oríkèé àtọwọ́dá tẹ́lẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. Aláìsàn á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti dán irin yìí wò?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì kù lẹ́yìn "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, òun ni mo fẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ yìí bá kàn mú dání lọ sọ́dọ̀ dókítà: orí irú eegun wo ni wọ́n ti dán an wò, èyí tó pé ni àbí èyí tó ti bàjẹ́?

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo èjìká fúnra rẹ̀. Oríkèé itan jinlẹ̀. Orí eegun itan wọnú ihò rẹ̀ bí orí ọmọ odó ṣe ń wọnú odó. Èjìká ò rí bẹ́ẹ̀. Orí eegun apá rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ohun tó fara tì kò ju àwo pẹrẹsẹ kékeré kan lọ, tó wà ní etí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká. Òró àwo náà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ìbú rẹ̀ sì tó bíi mẹ́ta. Iṣan mẹ́rin ló yí bọ́ọ̀lù náà ká tí wọn ò jẹ́ kó yọ̀ bọ́. Ìdí nìyí téèyàn fi lè na apá sókè, kó yí i sẹ́yìn, kó fi ọwọ́ yún àárín ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìdí yìí kan náà ló sì jẹ́ kí èjìká máa tètè yẹ̀. Ẹ má gbàgbé àwo kékeré yẹn o. Òun ni gbogbo àlàyé yìí máa dá lé.

Ọdún 1893 ni dókítà ará Faransé kan, Jules-Émile Péan, fi oríkèé àtọwọ́dá sí èjìká fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Paris. Ọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì ni aláìsàn náà, ikọ́ ife ló ti jẹ eegun apá rẹ̀. Pílátínọ́ọ̀mù àti rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe oríkèé náà. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, àrùn tó wà níbẹ̀ kò lọ, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ kúrò. Ẹ ò rí i pé láti orí ti àkọ́kọ́ pàá ni wàhálà yíyọ ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lóde òní. Ọ̀kan ń fara wé bí Ọlọ́run ṣe dá èjìká: bọ́ọ̀lù irin lókè eegun apá, àwo ike níwájú rẹ̀. Ìkejì gba orí dókítà Paul Grammont jáde ní ìlú Dijon, ní Faransé, lọ́dún 1985. Ó pa ipò méjèèjì dà: ó gbé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó sì gbé ife sí orí eegun apá. Àwọn dókítà ń pè é ní reverse, èmi á máa pè é ní oríkèé ìdàkejì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí iṣan mẹ́rin yẹn bá tiẹ̀ ti já, iṣan ńlá tó bo èjìká láti òkè lè dá gbé apá sókè. Nítorí pé àwọn iṣan mẹ́rin náà kì í sábà dára mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àtúnṣe, oríkèé ìdàkejì ni àtúnṣe sábà máa ń já sí. Ohun tó wá gbé lọ́wọ́ ni pé gbogbo ẹrù bọ́ sọ́rùn àwo kékeré ọjọ́sí, torí ara rẹ̀ ni wọ́n máa fi síkúrù de ìpìlẹ̀ bọ́ọ̀lù mọ́.

Kí ló ń mú kí wọ́n ṣí èjìká lẹ́ẹ̀kejì? Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọ ibẹ̀. Ó lè jẹ́ ike ló gbó, tàbí kí irin tú kúrò lára eegun. Iṣan lè já lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kí èjìká wá máa yẹ̀ ṣáá. Ẹlòmíì ṣubú, eegun apá sì kán nídìí irin. Èyí ó wù kó jẹ́, eegun á ti dín kù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, yóò sì tún dín sí i bí wọ́n bá ṣe ń yọ ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo bí yíyọ náà ṣe rí. Ọ̀pá irin kan wà nínú ihò eegun apá, sìmẹ́ńtì ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ nígbà míì. Sìmẹ́ńtì yẹn le, ṣùgbọ́n eegun tó yí i ká lè ti tinrín bí èèpo ẹyin. Dókítà á mú ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́, á máa ṣán sìmẹ́ńtì náà wẹ́wẹ́, á máa ṣa á kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ, pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ṣísẹ́ẹ̀lì má baà gba ara eegun jáde sí òdìkejì. Bí ọ̀pá bá kọ̀ tí kò tú, wọ́n á la eegun apá lóròó, wọ́n á ṣí i bíi fèrèsé, wọ́n á fa irin yọ, wọ́n á pa á dé padà, wọ́n á sì fi wáyà dì í yí ká. Ní ẹ̀gbẹ́ àwo, tí síkúrù àti ike bá ti kúrò tán, kòtò ló máa ń kù sílẹ̀. Nígbà míì, ògiri kan lára kòtò náà ti lọ pátápátá. Orí àjẹkù yìí ni wọ́n fẹ́ gbé irin tuntun lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá ìdánwò. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ oríkèé àtọwọ́dá kò lè kàn gbé e jáde fáráyé. Ìlànà wà tí àwọn onímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tí àjọ ASTM ní Amẹ́ríkà àti àjọ ISO ń tẹ̀ jáde. Èyí tó kan àwo èjìká ni ASTM F2028. Wọ́n á lẹ àwo ike mọ́ búlọ́ọ̀kù fóòmù líle tí wọ́n fi dípò eegun. Ẹ̀rọ á fi bọ́ọ̀lù irin tẹ àwo náà pẹ̀lú agbára 750 newton, bí ìgbà tí ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 76 bá dúró lé e. Bọ́ọ̀lù á wá máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀, títí dé etí àwo. Bó bá tẹ etí òkè, etí ìsàlẹ̀ á fẹ́ gbéra. Bó bá tẹ ìsàlẹ̀, òkè á fẹ́ gbéra. Ẹ ti rí ẹṣin onígi tí ọmọdé ń gùn, tó ń fì síwá sẹ́yìn? Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà ń pè é nìyẹn. Ìgbà 100,000 ni ẹ̀rọ á fì í. Tí ẹnì kan bá ń fi apá ṣe iṣẹ́ tó wúwo ní ìgbà 25 lóòjọ́, ó máa tó nǹkan bí ọdún 11 kó tó ṣe iye ìgbà yẹn. Wọ́n á wá wọn bí etí àwo náà ṣe ń gbéra sí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí.

Ẹ lè sọ pé kílò 76 ti pọ̀ jù, pé ta ló ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé apá. Ẹ na apá yín sí ẹ̀gbẹ́ títí tó fi wà ní déédéé èjìká, kí ẹ má di nǹkan kan mú. Agbára tó ń tẹ oríkèé yín ní báyìí ti sún mọ́ ìwọ̀n gbogbo ara yín. Apá gùn, ìdí rẹ̀ sì ni iṣan ti ń fà á, nítorí náà iṣan ní láti fi agbára tó ju ìwúwo apá lọ fíìfíì fà kó tó lè gbé e. Gbogbo fífà yẹn ló sì ń ti bọ́ọ̀lù mọ́ àwo.

Ní ti oríkèé ìdàkejì, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yìn irin tí wọ́n ń dè mọ́ àwo ní ojú wínníwínní bíi kànrìnkàn, kí eegun lè hù wọ inú rẹ̀. Eegun tó bá hù wọlé yìí ni yóò di irin mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síkúrù kàn ń bá a di í mú títí dìgbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n eegun kì í hù wọ ohun tó ń mì. Gbèdéke tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni máíkírọ́ọ̀nù 150, ìyẹn ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Kò ju bí ìgbà téèyàn bá to fọ́nrán irun orí méjì lé ara wọn. Tí irin bá ń mì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran rírọ̀ tó dà bí àpá ọgbẹ́ ni yóò hù sí àárín irin àti eegun, irin náà ò sì ní jókòó mọ́ láé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìdánwò fi ní ohun èlò tó lè mọ ìmìtìtì tí ojú èèyàn ò lè rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Búlọ́ọ̀kù fóòmù yẹn tuntun ni, odidi ni, ó le bákan náà láti etí kan dé ìkejì. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Eegun èèyàn yàtọ̀ síra; tí ilé iṣẹ́ kan bá lo eegun tó le, tí òmíràn lo èyí tó rọ̀, kò sí bí a ṣe máa mọ irin tó dáa jù nínú méjèèjì. Fóòmù tó rí bákan náà ló ń jẹ́ kí ìfiwéra tọ́, mo sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aláìsàn tó ń lọ fún àtúnṣe kò ní búlọ́ọ̀kù odidi. Kòtò ló ní. Tí irin kan bá yege lórí odidi, ohun tó fi hàn ni pé kò ní tú lára ẹni tí eegun rẹ̀ pé. Kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tí ìdá mẹ́ta àwo rẹ̀ ti lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí wọ́n bá ń dán irin àtúnṣe wò dáadáa, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ba búlọ́ọ̀kù jẹ́. Wọ́n á gé igun kan kúrò, kí apá kan ẹ̀yìn irin wà lófìfo, kí wọ́n wá wò ó bóyá síkúrù tó kù lè gbà á. Wọ́n á dán irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan wò, èyí tí wọ́n ṣe láti fi dí kòtò. Àwọn mìíràn ń lo eegun àwọn tó ti kú, tí wọ́n ti yọ̀ǹda ara wọn fún ìmọ̀ ìṣègùn nígbà ayé wọn. Bí irin bá sì ṣe gbé bọ́ọ̀lù jìnnà sí ojú eegun tó, bẹ́ẹ̀ ni síkúrù ṣe máa jìyà tó, bí ẹni tó gbé korobá omi ní apá tó nà gbọọrọ dípò kó gbé e mọ́ ìhà. Ìdánwò tí kò bá fi ibi tí irin ti gùn jù, tí eegun sì ti kéré jù, ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, mi ò rò pé ó tó fún iṣẹ́ àtúnṣe.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní ti ọ̀pá inú eegun apá. Lára ẹni tí eegun òkè apá rẹ̀ ṣì pé, eegun yẹn máa ń gbá ọ̀pá mú láti òkè délẹ̀. Tí eegun òkè bá ti lọ, ìsàlẹ̀ ọ̀pá nìkan ló wà nínú eegun. Òkè rẹ̀ dá dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá àtúnṣe sì ní ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ń so wọ́n pọ̀ bí páìpù kí dókítà lè yan gígùn tó bá ara mu. Ojú ìsopọ̀ yẹn ló lè kán. Nítorí náà, ìdánwò tó dáa máa ń fi kílám̀pù di ìsàlẹ̀ ọ̀pá nìkan mú, á fi òkè sílẹ̀ láìsí alátìlẹ́yìn, á wá máa tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ó máa rẹ irin náà kó sì kán.

Irin kan tún wà tí wọ́n ń wọn ara aláìsàn kan ṣoṣo fún, bí télọ̀ ṣe ń wọn ara kó tó rán aṣọ. Wọ́n á ya àwòrán CT scan èjìká náà, kọ̀ǹpútà á ya kòtò rẹ̀ bó ṣe rí, ẹ̀rọ á sì fi lẹ́búlẹ́bú táítáníọ́ọ̀mù kọ́ irin náà ní ìpele ìpele títí yóò fi bá kòtò mu. Wọ́n tún lè ṣe àwòrán eegun náà ní ike kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí dókítà gbé e lọ́wọ́, kó fi ìka ró etí rẹ̀, kó mọ ibi tí síkúrù máa gbà. Ohun tó dára gan-an ni lójú mi. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ dán ohun tí irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn wò? Ẹ ò lè rọ mẹ́wàá kí ẹ fi mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ̀rọ lọ́rùn. Ohun tí wọ́n lè dán wò ni irin tí wọ́n fi ṣe é, ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà kọ́ ọ, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣírò agbára tó máa gba ara eegun ẹni yẹn. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 2017/745, tiẹ̀ ya irú irin yìí sọ́tọ̀: kò gba àmì CE, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ọjà bá òfin wọn mu, bíi ti àwọn tó wà lórí igbá, gbólóhùn kíkọ ló ń bá a rìn tó sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún.

Ìṣòro méjì tún wà nídìí rẹ̀ tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún aláìsàn. Irin àtijọ́ tó ṣì wà lára máa ń ba àwòrán CT scan jẹ́, ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ fìrìfìrì káàkiri, tí ojú eegun kò fi ní hàn kedere. Èkejì ni pé àwòrán òní ni wọ́n fi ṣe irin tí wọ́n máa lò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Bí irin tó ti tú bá ń ha eegun láàárín àkókò yẹn, tàbí tí eegun bá tún bá a jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ ọ́, kòtò á ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wọn. Ẹ bi dókítà yín nípa ohun tó máa ṣe tí irin náà ò bá wọlé lọ́jọ́ náà. Dókítà tó mọṣẹ́ á ti ní ìdáhùn.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè dán ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn wò bó ṣe rí lára èèyàn. Kòkòrò tó ń yọ èjìká lẹ́nu jù ni Cutibacterium acnes, tó ń gbé nínú awọ ara gbogbo wa. Ó rọra ń hù tó bẹ́ẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò fi máa ń dá ohun tí wọ́n mú láti èjìká dúró tó ọjọ́ 14 kí wọ́n tó lè ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, àwọn dókítà míì á yọ gbogbo irin, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́ dí àyè rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó padà wá fi irin tuntun sí i.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó kan èèyàn. Ọ̀nà kan wà tó wù mí púpọ̀, tí Göran Selvik gbé jáde ní Lund, ní Sweden, lọ́dún 1974. Wọ́n á ju ìlẹ̀kẹ̀ tántálọ́ọ̀mù tíntìntín, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó bíi mìlímítà kan, sínú eegun tó yí irin ká. Wọ́n á máa ya X-ray méjì pa pọ̀ láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì máa wọn bí irin ṣe jìnnà sí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí irin bá ń ṣípò pẹ̀lú ìdá mìlímítà lásán, wọ́n á mọ̀. Irin tó bá ṣì ń rìn lẹ́yìn ọdún méjì ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí aláìsàn tó mọ̀ pé nǹkan ń dun òun.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti fi oríkèé méjì wéra ni kí wọ́n ṣẹ́ kèké: kí aláìsàn kan gba ti ibí, kí ẹlòmíì gba ti ọ̀hún, láìsí pé ẹnikẹ́ni yàn fún wọn. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe, èyí ṣòro. Àwọn aláìsàn ò pọ̀, kò sì sí kòtò méjì tó jọra. Lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n fẹ́ wọn? Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Oxford Shoulder Score, ìbéèrè 12 tí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa dáhùn nípa ìrora àti iṣẹ́ ojoojúmọ́: ṣé o lè fọ abẹ́ apá méjèèjì, ṣé o lè wọ aṣọ, báwo ni ìrora ṣe rí lóru. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 48.

Níkẹyìn ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbòò, níbi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo oríkèé tí wọ́n bá fi síni lára sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Sweden ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún láti 1975. Èyí tó wà fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba ti èjìká láti 2012. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ti Ọsirélíà, wà lára ohun tó kọ́kọ́ pariwo pé àwọn oríkèé itan kan tí irin ń lọ irin ń yára bàjẹ́, kí wọ́n tó kó irú wọn kan kúrò lọ́jà kárí ayé lọ́dún 2010. Àwọn irin wọ̀nyẹn náà ti gba iwájú ẹ̀rọ ìdánwò kọjá o.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ lè fi nǹkan pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ohun tó ń kà ni iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí wọ́n ti ṣí èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ṣì ń jẹ̀rora, lè sọ pé òun ò tún lọ mọ́; dókítà náà lè sọ pé eegun ò kù mọ́ tí òun máa fi ṣiṣẹ́. Nínú ìwé, irin ẹni yẹn ṣì ń ṣe dáadáa. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni irin tí wọn ò tíì yọ, ẹ béèrè máàkì àwọn aláìsàn fúnra wọn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ tún béèrè káàdì irin yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì. Orúkọ irin, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Síkúrù ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, irin tí wọ́n fi ń tú wọn sì yàtọ̀. Dókítà tó bá máa ṣí èjìká yẹn ní ọdún 15 sí i gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa bá nínú rẹ̀ kó tó lè béèrè fún irinṣẹ́ tó bá a mu, torí bí síkúrù bá kọ̀ tí kò tú, eegun ni wọ́n máa gé.